Ọkọ Kọ́, Ọkọ̀ Ni: Bí A Ṣe Ń Tún Ohùn Inú Fídíò Ṣe

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Kò sí ẹni tí kò gbọ́ òwe yìí rí nínú wa. Ṣùgbọ́n a kò mọ̀ pé ó kan ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà títí di ọjọ́ tí a fi fídíò ẹgbẹ́ wa han èrò nínú gbọ̀ngàn, tí ọkùnrin kan dìde láàrin àwọn ènìyàn tí ó sì bèèrè pé, "Ọkọ wo?"

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà mọ ohun tí a ń sọ. Fún àǹfààní ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ nìyí. Ẹgbẹ́ wa pinnu láti ṣe fídíò kékeré kan nípa àwọn ìyá wa Yorùbá tí wọ́n ń tajà ní ọjà Santana, ní ojú ọ̀nà Sapele, ní ìlú Bìní yìí. A bá ìyá kan pàdé níbẹ̀ tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, iṣu ni wọ́n ń tà. Wọ́n gbà wá tọwọ́ tẹsẹ̀, wọ́n sì sọ bí wọ́n ṣe dé ìlú yìí. Àkókó ni wọ́n ti máa ń kó iṣu wá, wọn a tà á, wọn a sì padà sílé. Ní ọjọ́ kan, lọ́rì tí yóò gbé wọn padà bàjẹ́. Dẹ́rẹ́bà ti gbowó lọ́wọ́ wọn tán, ó ní lọ́la ni, ó tún ní ọ̀tunla ni. Ìyá bá tọrọ àyè lọ́wọ́ obìnrin Ẹdó kan, wọ́n pàtẹ ìyókù iṣu wọn. Kí wọ́n tó tún lọ́rì náà ṣe, ìyá ti ní oníbàárà. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń parí lọ, ìyá rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, "Ohun tí ó dá mi dúró sí Bìní ni ọkọ̀."

Gbólóhùn yìí dùn mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀ tí a fi fi parí fídíò náà. A fi ìlù dùndún sí abẹ́ rẹ̀ kí ó lè dùn sí i. Ohun tí gbogbo gbọ̀ngàn wá gbọ́ lọ́jọ́ náà ni pé ohun tí ó dá ìyá dúró sí Bìní ni *ọkọ*. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọkọ ìyá, bàbá àwọn ọmọ wọn, kò fi ẹsẹ̀ tẹ Bìní rí títí ó fi dolóògbé. Àkọ́bí ìyá, tí ó gba ìsinmi níbi iṣẹ́ kí ó lè wá wo fídíò ìyá rẹ̀, tí ó sì mú ìyàwó àti àna rẹ̀ dání, ni ó dìde yẹn. Ojú wa kò gba ibì kan.

A kò tilẹ̀ lè padà lọ gba ohùn ìyá lẹ́ẹ̀kejì ní Santana. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, àwọn ọmọ wọn sì ti mú wọn lọ sílé ní Àkókó kí wọ́n lọ sinmi. Nígbà tí a padà sí yàrá, a ṣí ohùn tí a kọ́kọ́ gbà sílẹ̀. Ọkọ̀ ni ìyá wí, kedere. Àwa ni a sọ ọ́ di ọkọ nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé bí a ṣe ṣe é, nítorí a mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ni ó ń ṣe fídíò ìgbéyàwó, ti ìsìnkú àti ti ẹgbẹ́ kí ẹ lè rí owó jẹun.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe. Bí ẹ bá ṣí Premiere, tàbí DaVinci Resolve, tàbí CapCut tí ó wà lórí fóònù, ẹ ó rí i pé àwòrán wà lókè, ohùn sì wà nísàlẹ̀ ní ìlà-ìlà, bí òfì tí a nà sílẹ̀. Ohùn ènìyàn lè wà ní ìlà kan, ariwo ọjà ní ìlà kejì, orin ní ìkẹta. Ìlà kọ̀ọ̀kan ni a lè gbé sókè, kí a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, tàbí kí a pa lẹ́nu mọ́ láìfi ọwọ́ kan ìyókù. Iṣẹ́ pípo ohùn pọ̀ kò ju pé kí a mọ ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ àti ẹni tí yóò dákẹ́ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Resolve ni àwa lò. Láti ọdún 2017 ni wọ́n ti fi yàrá ohùn kan sínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Fairlight. Orúkọ yìí kì í ṣe tuntun. Ní Sydney, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ni wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ Fairlight sílẹ̀ ní 1975, ẹ̀rọ orin ni wọ́n ń ṣe, kí Blackmagic tó rà á ní 2016. Èyí tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ tó fún iṣẹ́ wa, bí kọ̀ǹpútà yín bá lágbára. Tiwa kú nígbà mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, a kò tíì ka ìgbà tí iná lọ.

Ohùn máa ń hàn lójú ẹ̀rọ bí eyín ayùn. Decibel ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, òdo sì ni òkè pátápátá. Ohunkóhun tí ó bá fẹ́ kọjá òdo, ẹ̀rọ á gé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, kò sì sí ẹni tí yóò rí orí náà lẹ́ mọ́ ọn padà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ibi tí ohùn ènìyàn bá ga sí jù wà láàrin -12 àti -6. Ohùn tí ó kéré ṣe é gbé sókè. Èyí tí ó ti fọ́, ó ti fọ́ náà nìyẹn.

Àṣìṣe wa àkọ́kọ́, kì í ṣe inú kọ̀ǹpútà ni ó ti bẹ̀rẹ̀, inú ọjà ni. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ra nǹkan ní Santana rí, ẹ mọ bí ibẹ̀ ṣe ń dún. Kọndọ́kítọ̀ ń pe "Ring Road! Ring Road!" lójú títì, ẹni tí ń ta oògùn gbé sípíkà lé orí tábìlì, ẹ̀rọ ìlọta ń lọ ata, jẹnẹrétọ̀ sì ń bú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Láàrin gbogbo èyí, àwa gbé fóònù jìnnà sí ìyá ní bí ìgbésẹ̀ méjì, nítorí a fẹ́ kí iṣu àti gèlè wọn hàn nínú àwòrán. Bí a bá dín àyè tí ó wà láàrin ẹnu àti gbohùngbohùn kù sí ìdajì, ohùn ẹni náà á fi nǹkan bí decibel 6 ga sí i, jẹnẹrétọ̀ tí ó wà lọ́nà jíjìn yóò sì wà bí ó ṣe wà. Kò sí ohun tí a lè ṣe nínú kọ̀ǹpútà tí ó tó èyí. Ní báyìí, fóònù kejì ni a fi ń gba ohùn, a ó so earpiece tí ó ní gbohùngbohùn mọ́ ọn, a ó sì fi há etí ìró bùbá, ní ìwọ̀n ìka kan sí ẹnu. Bí a bá ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú kámẹ́rà. Ibi tí àtẹ́wọ́ náà ti hàn bí ẹyọ eyín gíga nínú ohùn méjèèjì ni a ó tò pọ̀ kí ẹnu àti ọ̀rọ̀ lè bára mu.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí jẹnẹrétọ̀, nítorí òun ni ọ̀tá àwa tí ń ya fídíò ní Nàìjíríà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" ń yí nǹkan bí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ó bá ṣe 50 nìkan ni, à bá fi asẹ́ sẹ́ ẹ dànù, nítorí ohùn ènìyàn kì í sábà rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń bí ọmọ: 100, 150, 200, 250, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni obìnrin púpọ̀ ń sọ̀rọ̀ láàrin nǹkan bí 165 sí 255. Àárín ilé ìyá ni jẹnẹrétọ̀ kọ́ ilé sí. Bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ lé e jáde tipátipá, ẹ ó lé onílé náà mọ́ ọn.

Ohun tí a ṣe gan-an nìyí. Ẹ̀rọ apaariwo wà nínú Resolve. Bí a ṣe ń lò ó ni pé a ó fi ibi tí ariwo nìkan wà hàn án, tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, kí ó lè dá ariwo náà mọ̀, kí ó sì yọ ọ́ nínú ìyókù. A fà á títí dé òpin. Jẹnẹrétọ̀ dákẹ́ lóòótọ́, inú wa dùn, a bọ ara wa lọ́wọ́. A kò gbọ́ pé ohùn ìyá ti ń dún bí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ láti inú ìkòkò omi.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kan èdè wa. Ohùn mẹ́ta ni Yorùbá ní: òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a kọ ní lẹ́tà kan náà ni ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, ohùn nìkan ni ó yà wọ́n. Bí ohùn ìsàlẹ̀ bá sì wà ní ìparí gbólóhùn, kì í dúró lójú kan. Ńṣe ni ó máa ń yọ̀ lọ sílẹ̀, á sì máa kú díẹ̀díẹ̀, bí iná fìtílà tí epo rẹ̀ tán. Ẹ tún gbólóhùn ìyá sọ lẹ́nu yín, ẹ ó gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ apaariwo kò gbọ́ Yorùbá. Ohun tí ó bá rọlẹ̀ tí kò sì lágbára, ariwo ni ó kà á sí. Ó jẹ ìrù ọ̀rọ̀ náà, ó ku "ọkọ" tí kò lọ sókè tí kò lọ sísàlẹ̀.

Ìlù ni ó wá parí rẹ̀. Dùndún kì í ṣe orin lásán, gbogbo wa mọ̀ pé ó ń sọ̀rọ̀. Bí ìyáàlù bá ń fún osán tí ó sì ń tú u, ohùn rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ní ọ̀nà kan náà tí ohùn wa fi ń ṣe é. Ẹni tí ó bá fi dùndún sí abẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá ti mú ẹni kejì wá tí yóò máa sọ̀rọ̀ lásìkò kan náà. Lórí "ọkọ̀" ìyá gan-an ni ìlù tiwa ti ń gòkè. Nínú fíìmù Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání ṣe ní 1999, ìlù ni ó di ọ̀rọ̀ ìtàn náà mú, ọ̀rọ̀ tí ìlù bá sì sọ níbẹ̀ ṣe pàtàkì bí ti ènìyàn. Àwa gbé ẹni tí ó tó bẹ́ẹ̀ sí abẹ́ ọ̀rọ̀ ìyá bí ẹní tẹ́ ẹní, a sì rò pé kò ní dá sí i.

Ẹ ó bèèrè pé ṣé àwa kò létí ni. A létí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́. Bìní ni a bí púpọ̀ nínú àwa tí a ṣe fídíò náà sí. Yorùbá tí à ń gbọ́ lẹ́nu òbí wa nílé ni a mọ̀, a kò kọ́ ọ ní ilé-ìwé, à ń fi gẹ̀ẹ́sì àti píjìn là á. Yàtọ̀ sí èyí, a ti gbọ́ gbólóhùn náà tó ogójì ìgbà, a ti mọ ohun tí ìyá fẹ́ sọ kí wọ́n tó sọ ọ́. Etí tí ó ti mọ ọ̀rọ̀ kì í gbọ́ ọ mọ́. Ọ̀rẹ́ wa kan, ọmọ Ẹdó, ni ó kọ́kọ́ rí ìdí rẹ̀. Kò gbọ́ ẹyọ Yorùbá kan. A gbé ohùn àkọ́kọ́ fún un, a tún gbé èyí tí a ti tún ṣe fún un, ó ní, "Èyí já bọ́ nígbẹ̀yìn, èkejì kò já bọ́." Èdè Ẹdó náà ní ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀, etí rẹ̀ ti mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ilé.

Bí a ṣe wá tún un ṣe nìyí. Ohùn àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ wa, a dúpẹ́ pé a kò pa á rẹ́. A gé gbólóhùn náà, a fún un ní ìlà tirẹ̀. A fi asẹ́ sẹ́ ohun gbogbo tí ó wà ní ìsàlẹ̀ 80 dànù, kí bíbú tí ó wúwo jù lè lọ. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà wá níbi asẹ́ yìí, a rò pé bí a bá gé ìsàlẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ Yorùbá yóò bá a lọ. Rárá o. Tẹlifóònù àtijọ́ kì í gbé ohunkóhun tí ó wà ní ìsàlẹ̀ 300 kọjá, síbẹ̀ àwọn òbí wa fi ń sọ Yorùbá láti Èkó dé Kánò, kò sì sí ẹni tí ó ṣi ọkọ́ gbọ́ sí ọkọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ohùn wa náà ń bí ọmọ bíi ti jẹnẹrétọ̀. Bí a bá gé ìyá kúrò, etí á ti ara àwọn ọmọ mọ ibi tí ìyá wà. Ohun tí ó ń ba ohùn ọ̀rọ̀ jẹ́ ni kí a gé ìparí rẹ̀, tàbí kí a fi ìró mìíràn tí ń gòkè-sọ̀kalẹ̀ bò ó.

Lẹ́yìn asẹ́, a dá ẹ̀rọ apaariwo padà, a ní kí ó yọ nǹkan bí decibel 6 péré. Jẹnẹrétọ̀ ṣì ń dún díẹ̀. Kí ó máa dún. A gbé ibi tí ó yí 3,000 ká sókè díẹ̀, ibẹ̀ ni kọ́ńsónáǹtì ti ń hàn, kí "k" inú "ọkọ̀" lè mú. A tún gba ariwo ọjà lásán ní Santana fún ìṣẹ́jú kan gbáko, a tẹ́ ẹ sí ìlà tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó má baà jẹ́ pé bí a bá gé ọ̀rọ̀, ọjà á ṣàdédé dákẹ́. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Etí kì í yà sí ariwo tí kò dúró. Ìgbà tí ó bá dúró lójijì ni ó máa ń bèèrè pé kí ló dé.

Ní ti orin, a yọ dùndún kúrò lábẹ́ ọ̀rọ̀ pátápátá. Ọ̀nà wà tí ẹ fi lè ní kí ẹ̀rọ rẹ orin sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbàkígbà tí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀, ó sì wúlò, ṣùgbọ́n dùndún tí a rẹ̀ sílẹ̀, dùndún ni. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni a fi rọ́pò rẹ̀. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dún ṣaka-ṣaka, kò gòkè kò sọ̀, kò bá ẹnikẹ́ni du ọ̀rọ̀. Agogo náà ṣe é lò. A jẹ́ kí dùndún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí "ọkọ̀" ti parí tán, ó sì wá dùn níbẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nǹkan kékeré mìíràn wà tí kò ní gbà wá lákòókò. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yára díẹ̀, ẹ rí i pé ẹ fi àmì sí ibi tí ẹ̀rọ ti ń bèèrè bóyá kí ó pa ohùn mọ́ ní gíga rẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀rọ tí àwọn olórin fi ń to ohùn kan ọ̀rọ̀ Yorùbá lásán láé. Ẹ to gbígba ohùn sí 48,000, òun ni fídíò ń lò. Bí YouTube ni ẹ ń gbé e lọ, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu láti mú un dún ju ti ẹlòmíràn lọ, wọ́n á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún yín sí nǹkan bí -14 ní ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní LUFS.

Kí ẹ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ gbọ́ ọ níbi mẹ́ta: inú earpiece, sípíkà fóònù, àti sípíkà ńlá nínú yàrá tí ó ń dún padà. Nínú gbọ̀ngàn wa lọ́jọ́ náà, ògiri ń dá ohùn padà, ìyẹn náà sì bo ìrù ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ẹnì kan tí kò gbọ́ ọ rí. Kí ó di ojú, kí ó sì sọ ohun tí ó gbọ́ fún yín. Ẹ má sọ fún un tẹ́lẹ̀. Àgbàlagbà ni ó dára jù bí ẹ bá lè rí.

A lọ bẹ àkọ́bí ìyá nílé rẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin inú wa kúnlẹ̀. Ó gbọ́ ohùn àkọ́kọ́ lórí fóònù wa lẹ́ẹ̀mejì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà mọ̀ pé màmá òun kò lè sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àna òun ni ó ń wo òun lójú. Flash mẹ́sàn-án ni a ti pín fún àwọn ènìyàn kí ọ̀rọ̀ tó bẹ́. A gba mẹ́jọ padà. Ẹni tí ó bá mú ìkẹsàn-án, a fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, kí ó gbé e wá sọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́.

Nígbà tí méjì nínú wa lọ sí Àkókó ní ìsinmi, a gbé fídíò tuntun náà dání. Ìyá fi earpiece sí etí, wọ́n wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí ó dé ibi tí ó ń ṣe wá ní wàhálà, àwọn fúnra wọn dá a sọ mọ́ fídíò lẹ́nu: "ọkọ̀." Wọ́n yọ earpiece. Wọ́n ní ó dára, ohùn àwọn ni lóòótọ́, àwọn tilẹ̀ gbọ́ ọmọ tí ń pe "Ring Road" lẹ́yìn. Wọ́n wá ní, "Ẹ ò sì wá dẹ́rẹ́bà yẹn rí, kí ẹ gba ohùn tirẹ̀ náà? Owó mi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀."